Ìgbàyà awọ fún eré orí ìtàgé: irú awọ wo ni ká rà, báwo la ṣe ń mú un le?

Àǹtí Aláṣọ-Eré (Ìbàdàn)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí. Ẹgbẹ́ eléré ìjọ wa ń múra eré Àjíǹde sílẹ̀, àwọn ọmọ ogun Róòmù sì pọ̀ nínú rẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń bá wọn ṣètò aṣọ, páálí tí a fi bébà fàdákà wé la máa ń so mọ́ wọn láyà. Bí wọ́n bá ti làágùn báyìí, páálí á rọ̀, fàdákà á bó, ìjọ á wá máa rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ kí wọ́n ti máa sunkún.

Lọ́tẹ̀ yìí mo fẹ́ fi awọ gidi ṣe ìgbàyà, ìbọpá àti àṣíborí, kí a lè máa lò ó láti ọdún dé ọdún. Mo mọ aṣọ rán, ẹ̀rọ ìránṣọ mi sì lágbára, àmọ́ awọ tó nípọn kò tíì kọjá lọ́wọ́ mi rí. Irú èwo ni kí n béèrè lọ́jà? Ṣé lóòótọ́ ni pé wọ́n máa ń sè é kó tó le? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ti àpò ìjọ rò ó o, kò jìn.

Aránbàtà Mushin

Àǹtí, ẹ kú ìmúra. Awọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yanjú, torí bí ẹ bá ra èyí tí kò yẹ, kò sí iṣẹ́ ọwọ́ tó lè tún un ṣe. Èyí tó pọ̀ jù lọ́jà wa níbí, awọ kúróòmù ni, èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Ó dára fún báàgì, fún ojú bàtà, fún àga, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé e kaná láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní le. Èyí tí ẹ ń wá ni awọ tí wọ́n fi èèpo igi tàbí èso igi ṣe, irú èyí tí àwọn Hausa ń fi èso igi bàgárúwà ṣe ní Kano àti Sokoto.

Bí ẹ bá fẹ́ dá a mọ̀, ẹ wo ojú ibi tí wọ́n ti gé e. Bí àárín rẹ̀ bá rí eérú-eérú tàbí tó fẹ́ jọ búlúù, kúróòmù ni. Awọ eléso igi máa ń ní àwọ̀ ilẹ̀ láti òkè délẹ̀. Àmọ́ ojú nìkan kò tó, torí wọ́n lè pa á láró wọnú. Ẹ tọrọ ègé kékeré lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, kí ẹ sọ ọ́ sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó. Awọ eléso igi á ká jọ lójú ẹsẹ̀, bó bá sì tutù á le gbagidi. Kúróòmù á kàn wà níbẹ̀ á máa wò yín níran.

Ẹ yẹra fún rẹ́síìnì pẹ̀lú. Bí ẹ bá rí aṣọ lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tí ojú rẹ̀ ń ṣí bí ẹ bá fi èékánná họ ọ́, kì í ṣe awọ, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á búra tó.

Ohun kan tí àwọn èèyàn kì í sábà rántí ni awọ àtẹ́lẹ̀ bàtà. Awọ eléso igi ni, ó nípọn tó mìlímítà 4 tàbí 5, ó sì ti le díẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́dọ̀ àwa tí à ń ṣe bàtà, kì í ṣe lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta awọ báàgì. Bó bá jẹ́ odidi awọ lẹ fẹ́ rà, ẹ mú ti ẹ̀yìn tàbí èjìká. Ti ikùn wọ́n kéré, àmọ́ ó máa ń fà síbí fà sọ́hùn-ún, ìgbàyà yín á wọ́.

Ẹ̀gbọ́n Leeds

Aránbàtà ti sọ ọ́ re. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ sísè, torí ibẹ̀ ni awọ ti ń bàjẹ́ jù. Níbí a ní ẹgbẹ́ tó ń ṣeré ogun àtijọ́ lópin ọ̀sẹ̀, iṣẹ́ awọ sì ni tèmi láàárín wọn.

Àǹtí, ẹ má gbé awọ sínú omi tó ń hó. Kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí á fi súnkì, á dúdú, bó bá sì gbẹ tán, bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ á ṣẹ́. Omi tí a ń lò gbóná dé nǹkan bíi 80 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ẹ ó sì nílò tẹmómítà ìdáná, nítorí ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ 80 sí 90. Ẹ kọ́kọ́ rẹ awọ náà sínú omi tútù títí tí kò fi ní máa yọ hóró afẹ́fẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ rì í sínú omi gbígbóná, kí ẹ sì dúró tì í. Ẹ máa wo etí rẹ̀. Bí etí náà bá ti ń ṣókùnkùn, tó sì ń fẹ́ gbéra, ẹ yọ ọ́. Ó lè má tó ìṣẹ́jú kan. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o.

Bó bá ti jáde, á rọ̀ bíi rọ́bà fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Àsìkò yẹn lẹ ní láti gbé e lé ohun tí ẹ fẹ́ kó jọ, kí ẹ sì fi ọ̀já aṣọ dè é. Ẹ má fi okùn tín-ín-rín dè é, torí ojú okùn kò ní parẹ́ mọ́. Fún ìbọpá, ìgò wáìnì dára. Fún àyà, ẹ fi nọ́lọ́ọ̀nù wé ère tí ẹ fi ń wọn aṣọ, kí ẹ dè é mọ́ ọn. Òjìji ni kó ti gbẹ, kí ẹ tan fáànù sí i, kì í ṣe oòrùn.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan èyí tó tóbi, ẹ gé ègé kan, sẹ̀ǹtímítà 10 níbùú àti lóròó. Ẹ rì í, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ wá wọ̀n ọ́n. Bó bá ti di 9, ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ bá fẹ́ kó jẹ́ 45, 50 lẹ máa gé e. Awọ kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Apá kan náà lára màlúù méjì lè má ṣe bákan náà.

Tí ẹ bá bi mí, n kò ní ki ìgbàyà bọ omi gbígbóná rárá. Ó tóbi jù, súnkì rẹ̀ máa ń ṣòro darí. Omi lásán tó fún un: ẹ rẹ ẹ́, ẹ yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kí ẹ wá dè é mọ́ ère. Awọ àtẹ́lẹ̀ bàtà tí wọ́n bá ṣe báyẹn á dúró fúnra rẹ̀ lórí ìtàgé. Ẹ fi omi gbígbóná sílẹ̀ fún ìbọpá àti etí àṣíborí.

Jagunlabí

Ẹ dákun, ṣé ó lè gba ọta ìbọn? 😂

Aránbàtà Mushin

Jagunlabí, ayẹta lò ń wá. Wábi gbà lọ.

Ẹ̀gbọ́n Leeds

Kò lè gba ọta, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́kẹ̀ lé e lábẹ́ ọ̀bẹ. Awọ líle lè yẹ ọ̀bẹ tó kàn gbà á lẹ́gbẹ̀ẹ́, àmọ́ ṣóńṣó tí wọ́n bá tì wọ̀ ọ́ tagbáratagbára á wọlé. Mo ń sọ ọ́ torí mo mọ àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin: bí wọ́n bá ti wọ ọ́ tán, ẹnì kan á fẹ́ "dán an wò". Kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tí èèyàn bá wà nínú rẹ̀. Idà igi ni kí ẹ fún wọn, kí ẹ fi sáńpépà bó gbogbo etí rẹ̀ kó yí róbótó.

Àwọn ọlọ́lá àtijọ́ pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìdíje àwọn ajagun ní ọgbà Windsor ní ọdún 1278, ìhámọ́ra awọ ni wọ́n rà fún wọn, idà wọn kì í sì í ṣe irin, ohun tí wọ́n yọ lára ẹja àbùùbùtán ni. Eré ni, wọn kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú.

Bọ̀dá Lókéṣọ̀n

Ẹ jẹ́ kí èmi náà da omi sí i díẹ̀. Mo ti ń ṣe aṣọ fún àwọn tó ń ya fíìmù ìtàn ọjọ́ ti pẹ́. Àǹtí, àwọn ọmọ ogun Róòmù kì í wọ ìgbàyà awọ. Irin ni ti wọn: òrùka irin tí wọ́n so pọ̀, ọ̀pá irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò yí ara ká, tàbí ìpẹ́ idẹ. Àgọ́ wọn ni wọ́n ń fi awọ ṣe, àti ohun tí wọ́n fi ń bo asà, àti sálúbàtà oníṣòó tí wọ́n fi ń rìn. Ìgbàyà awọ tí wọ́n ya iṣan ikùn sí yẹn, fíìmù ló sọ ọ́ di ti gbogbo ayé.

N kò ní kí ẹ má ṣe é o. Àwọn tó ń wòran ń retí rẹ̀, ẹ fún wọn. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni ti ìpẹ́, torí ó jọ òótọ́ jù, ó sì dínwó. Ẹ lọ gba èékù awọ àtẹ́lẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aránbàtà, èyí tí wọ́n ń dà nù. Ẹ gé e ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, kó gùn tó àtàǹpàkò, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ rí roboto. Ẹ lu ihò méjì sókè ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ẹ̀wù, ẹ rán ìlà àkọ́kọ́ mọ́ aṣọ tó nípọn, kanfáàsì tàbí jíǹsì àtijọ́. Ìlà kejì á gun orí ti àkọ́kọ́ dé ìdajì, kí ìpẹ́ kan bo àlàfo tó wà láàárín ìpẹ́ méjì tó wà lábẹ́ rẹ̀, gẹ́lẹ́ bó ṣe wà lára aaka. Ẹ lè kùn wọ́n ní fàdákà kí ẹ tó rán wọn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ á lè bẹ̀rẹ̀, á lè kúnlẹ̀, bó bá sì já, ìpẹ́ kan lẹ máa pààrọ̀, kì í ṣe odidi ẹ̀wù.

Ó ń jẹ àkókò, n kò ní parọ́ fún yín. Ẹ pe àwọn ọmọ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi yín kí wọ́n wá gbà á ṣe.

Ohun mìíràn ni pé kì í ṣe gbogbo ọmọ ogun ló nílò awọ. Ẹni méjì tó máa dúró níwájú, tí wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ láti sọ, ẹ fún wọn ní awọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn, fóòmù tí wọ́n fi ń ṣe sílípáàsì, tí ẹ kùn, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láti orí bẹ́ǹṣì kẹta.

Oníṣọ̀nà Awọ Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ má yọ wá sílẹ̀ o. Ní Ọ̀yọ́ níbí, awọ ewúrẹ́ àti ti àgùntàn là ń lò jù. Ó fẹ́lẹ́, kò lè dá dúró ní ìgbàyà, mo gbà. Àmọ́ ó dára láti fi bo ohun tó le nínú. Ìṣọ̀nà tí à ń ṣe sára làbà Ṣàngó àti tìmùtìmù, tí a ń gé awọ aláwọ̀ mèremère tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ ká tó rán wọn lé orí ara wọn, ẹ lè ṣe irú rẹ̀ sára ìgbàyà olórí ogun, kí wọ́n lè dá a mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Ní ti ohun tó máa le nínú, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn kò ní láti lọ jìnnà. Ẹ lọ bá àwọn tó ń pẹran kí ẹ ra awọ tútù, kí ẹ fá irun rẹ̀, kí ẹ họ ọ̀rá inú rẹ̀ kúrò pátápátá. Èyí tí wọ́n bá ti fi iná sun irun rẹ̀ kò wúlò mọ́, ti ọbẹ̀ nìyẹn. (Kí ẹ tètè dé ibẹ̀ o. Ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń jẹ pọ̀nmọ́ bíi tiwa, ẹ máa bá ọlọ́bẹ̀ du awọ ni.) Bí ẹ bá na awọ yìí mọ́ ère nígbà tó ṣì tutù, tó wá gbẹ lábẹ́ òjìji, á le ju awọ àtẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń kan ìlù, ohun tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn, awọ àti ọsán.

Àléébù rẹ̀ ni pé omi ni ọ̀tá rẹ̀. Òógùn á rọ̀ ọ́, òjò á sọ ọ́ di ohun tí ń rùn. Ẹ kùn ún ní fáníìṣì tinú-tòde. Eku àti ajá náà fẹ́ràn rẹ̀, torí náà ẹ gbé e kọ́.

Mo sì fẹ́ sọ fún Bọ̀dá Lókéṣọ̀n àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń ya fíìmù: bó bá jẹ́ ogun ilẹ̀ Yorùbá lẹ fẹ́ ṣe, ẹ dákun, ẹ má wọ ìgbàyà Róòmù fún Balógun mọ́. Gbérí ni kí ẹ fún un, kí ẹ to ońdè àti tírà tí a fi awọ bò sí i lára. Iṣẹ́ awọ ṣì nìyẹn, àwa la sì ń ṣe é.

Bọ̀dá Lókéṣọ̀n

Mo gbọ́, bàbá. Àwọn tó ń gbé owó fíìmù sílẹ̀ ni kí ẹ bá sọ ọ́ 🙏🏾

Àǹtí Aláṣọ-Eré (Ìbàdàn)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Olúwa á bá mi san án fún yín. Mo ti pinnu: awọ àtẹ́lẹ̀ fún ìgbàyà méjì, ìpẹ́ èékù fún olórí ogun, fóòmù fún àwọn tó kù. Ìbéèrè mi kù méjì. Báwo ni mo ṣe máa gé e tí ọwọ́ wọn á fi gbé sókè? Olórí ogun ní láti na ọwọ́ sí orí àgbélébùú nígbà tó bá ń sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ̀rọ mi sì lè rán an?

Aránbàtà Mushin

Ẹ̀rọ yín kò ní rán an, abẹ́rẹ́ á kán, ẹ ó tún wá san owó àtúnṣe. Ọwọ́ ni. Ẹ fi ìlu lu gbogbo ihò sílẹ̀ ná, kí ẹ fi rúlà fa ìlà kó má baà wọ́. Ẹ mú òwú náílọ́ọ̀nù tó nípọn, ẹ fi ìda oyin pa á, ẹ ki abẹ́rẹ́ sí orí àti ìdí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan á ti ọ̀tún wọ ihò, èkejì á ti òsì gba inú ihò kan náà kọjá. Bí òwú kan bá já lọ́jọ́ kan, èkejì ṣì mú un.

Ní ti gígé, ẹ̀yin ni ọ̀gá níbẹ̀, àmọ́ ẹ rántí pé awọ kì í tẹ̀lé ara bí aṣọ. Páálí tí ẹ ń sá fún yẹn ló máa ṣe yín lóore báyìí: ẹ kọ́kọ́ gé ìgbàyà náà ní páálí, ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà, kí ẹ ní kó na ọwọ́, kó jókòó, kó kúnlẹ̀. Níbi tí páálí bá ti tẹ̀ tàbí tó ti gún un lọ́rùn, ẹ gé e kúrò. Ihò apá máa ń fẹ́ jinlẹ̀ ju ti aṣọ lọ dáadáa. Ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kó parí síbi ìdodo. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbàkigbà tó bá jókòó, ìgbàyà á ti ọrùn rẹ̀ sókè. Ẹ má rán ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pa. Ẹ fi àlàfo tó ìka mẹ́ta sílẹ̀, kí ẹ fi okùn awọ so ó, kí ẹni tó sanra àti ẹni tó tín-ín-rín lè jọ máa wọ̀ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n Leeds

Mo fara mọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ fi sáńpépà bó gbogbo etí awọ, pàápàá abẹ́ apá, torí etí awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé máa ń họ ara. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó nípọn ni kí wọ́n wọ̀ sábẹ́ rẹ̀. Bó bá kan rífẹ́ẹ̀tì, ti idẹ ni kí ẹ rà. Irin tó bá kan awọ eléso igi nígbà tó ṣì tutù á fi àbàwọ́n dúdú sí i tí kò ní lọ láé.

Aránbàtà Mushin

Àbàwọ́n yẹn gan-an ni mo fi ń pa awọ láró dúdú 😄 Ẹ mú kànìnkàìn onírin, ẹ fi ọṣẹ fọ òróró ara rẹ̀ kúrò, ẹ sọ ọ́ sínú fínígà, kí ẹ má dé ìdérí rẹ̀ pa, torí ó ń yọ gáàsì. Bó bá pẹ́ tó ọ̀sẹ̀ kan, ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sára awọ. Ojú yín níbẹ̀ ni á ṣe máa dúdú. Bó bá gbẹ, ẹ fi omi tí ẹ po sódà tí wọ́n fi ń ṣe kéèkì sí nù ún, kí ẹ tó fi òróró díẹ̀ pa á.

Ó tún dára fún nǹkan mìíràn. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò kékeré, kí ẹ mú un dání lọ sọ́jà. Ẹ kán ẹ̀kán kan sí ẹ̀yìn awọ tí wọ́n bá ní eléso igi ni. Bí kò bá dúdú, ẹ kí wọn, ẹ máa lọ.

Jagunlabí

Ṣé kí wọ́n má kúkú fi ìda oyin rì gbogbo rẹ̀? Mo rí i níbì kan pé ìyẹn ló ń le jù.

Ẹ̀gbọ́n Leeds

Ó ń le, ó sì ń lé omi. Ṣùgbọ́n nǹkan bíi 62 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ìda oyin ti ń yọ́, á sì ti máa rọ̀ kó tó gbóná dé ibẹ̀. Ẹ fi ìgbàyà onída sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án Ìbàdàn, ẹ ó bá a bó ṣe wù ú ló tẹ̀. Èyí tó sì tún burú ni pé ó ń gbiná. Ẹni tó bá fẹ́ yọ́ ọ kó gbé ìkòkò rẹ̀ sínú omi gbígbóná, kó má gbé e lé iná tààrà láé, kó sì má da omi sí i bó bá gbiná: ìdérí ni kó fi pa á. Fún eré ìjọ, Àǹtí, kò tó ohun tí ẹ máa torí ẹ̀ fi ilé ṣeré.

Àǹtí Aláṣọ-Eré (Ìbàdàn)

N kò ní dán ìda wò, ẹ má ṣèyọnu. Páálí ti wà nílẹ̀, mo ti gé ti èyí àkọ́kọ́, ọmọ náà lè na ọwọ́ dáadáa. Ọjọ́ Sátidé ni mo ń bọ̀ ní Mushin. Lẹ́yìn eré, báwo ni kí n ṣe tọ́jú wọn? Yàrá tí à ń kó ẹrù sí máa ń tutù nígbà òjò.

Aránbàtà Mushin

Ẹ má kó wọn sínú nọ́lọ́ọ̀nù, wọ́n á bu. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu òógùn kúrò lọ́jọ́ tí ẹ bá bọ́ ọ, kí ẹ gbé e kọ́ sórí igi tó fẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa gba inú rẹ̀. Bí ẹ bá rí funfun lára rẹ̀, ẹ gbé e síta kí ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n, ẹ má fọ̀ ọ́.

Bí ẹ bá ń bọ̀ ní Sátidé, ẹ wọn orí àwọn tó máa dé àṣíborí kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Apá mẹ́rin la ń gé e, tí a ó rán pọ̀ láti òkè orí, pẹ̀lú ọ̀já kan yí iwájú orí ká, ibẹ̀ ló sì ń jẹ awọ jù. Tètè dé, kó tó di aago mẹ́wàá, torí àwọn tó ń ta awọ àtẹ́lẹ̀ kì í pẹ́ tà tán.